Ohun Tí Odídẹ Gbọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀

Nígbà tí mò ń wí yìí, ọkọ mi ṣì wà láyé, ó ṣì ń bá rédíò ẹ̀ jà láràárọ̀. Ìyá Bùsírátù tó ń ta ẹ̀kọ nítòsí wa ní Ìjemò ṣì wà. Ààfáà Láwàlì tó kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéwú ṣì wà, ojú wọn nìkan ló ti fọ́. Bàbá Ọlálẹ́yẹ náà ṣì wà. Dìran ni kò sí mọ́, torí ọ̀sán Àlàrùbá ni wọ́n bá òkú ẹ̀ nínú ilé ẹ̀rọ, ó dojú bolẹ̀ lórí Agboòrùn, àyà ẹ̀ ti jó di èédú.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti de Mọ́nsúrù ọmọ mi mọ́ òpó. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, àwọn á yìnbọn fún un.

Ọdún 1982 ni. Ẹni tó bá ti gbé ayé nígbà yẹn kò ní bi mí pé ta ni Aláìlójú. Ẹni tí wọn ò tíì bí, kó gbọ́: ẹ̀yìn òṣùpá ni wọ́n ti wá, nínú ọkọ̀ dúdú tí kò ní fèrèsé, iná ni wọ́n sì ń dà lé ìlú lórí. Ìjọba ní ọmọ ogun òun ò kárí. Làwọn ìlú bá bẹ̀rẹ̀ sí háyà ológun tiwọn, bí ẹni ń háyà lébìrà oko. Àwọn tí Abẹ́òkúta háyà ń pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Ìjì. Ajagunfówó ni àwa ará Ìjemò ń pè wọ́n, a kàn kì í pè é sí wọn létí.

Òṣíẹ̀lẹ̀ ni wọ́n pàgọ́ sí, lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ri Agboòrùn mọ́lẹ̀ sí. Ẹ̀rọ ni. Ojú kì í rí ohun tó ń nà jáde nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó bo gbogbo ìlú títí dé Ìbarà, iná Aláìlójú á sì yọ̀ dànù lórí ẹ̀ bí omi ṣe ń yọ̀ lórí ewé kókò. Dìran ló ń tọ́jú ẹ̀rọ yẹn. Géètì ẹ̀yìn àgọ́ ni Mọ́nsúrù ń ṣọ́.

Mo sá tọ Sàlàhúdíìnì lọ ní Ìbarà. Ọmọ àbúrò ọkọ mi ni, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá. Èèyàn kúkúrú, ó níkùn, ojú ẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ń tòògbé. Àwọn olè tó rò pé ó ń tòògbé wà lẹ́wọ̀n. Tó bá ń ronú, á bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. Tí ọ̀rọ̀ bá wá yé e, á bọ́ ìkejì.

Mo sunkún, mo rojọ́ tán. Ó wò mí.

"Ìyá, ṣé ó ṣe é?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Gbogbo èèyàn ni mo máa bi. Ẹ dá mi lóhùn."

"Kò ṣe é!"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Èmi ni mo bí i."

"Ìyẹn ò tó," ó ní. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì. "Kò tó rárá. Ẹ dìde, ká lọ."

*

Kọ́mándà Herbert ni olórí wọn. Sàró ni, Ẹ̀gbá ni baba ńlá ẹ̀, àmọ́ ìlú òyìnbó ni wọ́n ti tọ́ ọ. Bó bá ń sọ Yorùbá, á dà bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta gbígbóná.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, kéèsì ti parí," ló wí. Ó yíjú sí mi. "Màmá, ìwọ dúró níta."

Ìwọ! Ọmọ tí mo lè bí lẹ́ẹ̀mejì! Mo la ẹnu, Sàlàhúdíìnì bá fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ẹ má dá wọn lóhùn, Ìyá. Níbi tí wọ́n ti tọ́ wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ọmọdé àti àgbà." Ló bá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni pé ohun tó sọ ta á létí. Ó ní, "Kọ́mándà, ìyá yìí ń bá mi wọlé. Ìlú ló háyà yín, ìlú ló sì rán mi wá. Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi de ọmọ wọn?"

Herbert mú wa wọ ilé ẹ̀rọ, ó sì gbé àpótí kékeré kan ka orí tábìlì. Odídẹ là ń pè é. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ló wà nínú Ẹgbẹ́ Ìjì, wọn ò gbédè ara wọn. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ sínú Odídẹ, á tú u sí òyìnbó. Òfin wọn sì ni pé ohun tí Odídẹ bá ti sọ, ìyẹn lẹ̀rí. Herbert tẹ̀ ẹ́, àpótí náà fọhùn, Herbert sì túmọ̀ ẹ̀ fún wa bó ṣe lè ṣe é.

"Àsíátù alásè ló sọ ọ́. Ó ní: àwọn kan wọlé tọ Dìran. Dìran dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn pé wọ́n dúró dè é ní ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n jáde." Ó na ìka sókè. "Àwọn kan. Wọ́n pọ̀. Wọ́n dúró ní ẹ̀yìn. Kí ló wà ní ẹ̀yìn? Géètì. Ta ló wà ní géètì? Mọ́nsúrù. Dìran ń ta àṣírí Agboòrùn fún ọ̀tá, Mọ́nsúrù fi àwọn oníbàárà pamọ́ sí géètì, wọ́n jà, wọ́n pa á. Fínìṣì."

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe pé mo gbà á gbọ́. Ó kàn bára mu ju bó ṣe yẹ lọ ni.

Sàlàhúdíìnì tẹ̀ síwájú, ó ń wo ilẹ̀ ilé ẹ̀rọ. "Òjò rọ̀ ní Àlàrùbá. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ wọn dà?"

Herbert rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹsẹ̀. Mo rí i pé bàtà ẹ̀ ò kan ilẹ̀, bí ìka kan ló fi ga sókè. "Bàtà wa kì í tẹlẹ̀. Gbogbo wa."

"Ojú ńkọ́? Ta ló rí ojú wọn?"

"Ẹ̀wù wa kì í jẹ́ kí wọ́n ríran rí wa." Ó fà á bo orí, ó dúró ti ògiri, àfi bíi pé ògiri ló kù. Ẹ̀wù alágẹmọ ni wọ́n ń wọ̀, àwọ̀ ibi tí èèyàn bá dúró sí ló ń mú.

Sàlàhúdíìnì mi orí. "Ẹsẹ̀ ò fọhùn, ojú ò ríran. Etí ló kù. Ẹ pe Àsíátù fún mi."

"Kò pọn dandan. Odídẹ ti gbọ́ ọ."

"Odídẹ gbọ́ ọ," ni Sàlàhúdíìnì wí, "èmi ò tíì gbọ́ ọ."

Nínú ilé náà, Agboòrùn ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Herbert ní láti ọjọ́ tí Dìran ti kú ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó máa rọ́pò ẹ̀ ò tíì dé, pé bí ọkọ̀ dúdú bá fi lè tún wá, ó di kí ẹnì kan fi ọwọ́ ara ẹ̀ dì í mú, ẹni náà ò sì ní yè é. Ó sọ ọ́, ó sì wo ibòmíràn. Mo rò ó sínú pé ọkùnrin yìí ń fi nǹkan pamọ́.

*

Wọ́n gbà kí n rí ọmọ mi. Bàbá Ọlálẹ́yẹ ni mo bá lọ́dọ̀ ẹ̀, wọ́n ń fi iṣu sísun bọ́ ọ lẹ́nu torí ọwọ́ ẹ̀ wà nínú okùn. Àwọn ni wọ́n dàgbà jù nínú Ẹgbẹ́ Ìjì, ará oko kan lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀ níbí, àwọn ló ń tún ìbọn ṣe. Ìbànújẹ́ ti tẹ̀ wọ́n ba. Adébímpé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, iná Aláìlójú ló jó o pa lọ́nà Ìbarà, lọ́jọ́ kan tí Agboòrùn ṣẹ́jú pẹ́ẹ́.

"Ẹ kú inú rere, Bàbá," ni mo wí.

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n kó àwo wọn, wọ́n lọ.

"Àwọn nìkan ló ń bọ́ mi, Ìyá mi," ni Mọ́nsúrù wí. "Àwọn yòókù ń tutọ́ sí mi lára."

"O ṣí géètì fún ẹnikẹ́ni?"

"Ìyá! Fún ẹran ọ̀sìn pàápàá, mi ò ṣí i."

*

Obìnrin tó ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún lé ni Àsíátù, ó sanra, ẹnu ẹ̀ mú. Ẹ̀yìn ògiri ilé ẹ̀rọ ló ti ń já ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ náà.

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí di Jímọ̀," ló wí.

"Má sọ̀rọ̀," ni Sàlàhúdíìnì dá a lóhùn. "Ṣáà máa dá mi lóhùn. Kí lo rí?"

"Ihò ògiri ni mo gbà wò. Mo rí ẹ̀wù wọn, ìyẹn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ògiri."

"Ẹ̀wù mélòó?"

"Ẹ̀wù kan kẹ̀!"

"Ẹ̀wù kan?"

"Ṣé mo jọ ẹni tí ò mọ oókan ni?"

"Odídẹ ní o sọ pé àwọn kan wọlé."

Àsíátù pàtẹ́wọ́. "Irọ́ lẹyẹ irin yẹn pa! Mo ní wọ́n wọlé. Wọ́n wọlé, ohun tí mo sọ nìyẹn, wọ́n sì jáde. Ẹnì kan ni wọ́n!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí nínú ìbànújẹ́ tí mo wà. Ó yé èmi náà. Odídẹ gbọ́ "wọ́n," kò mọ̀ pé àgbà kan ṣoṣo ń jẹ́ wọ́n. Ó ti sọ ẹnì kan di ogunlọ́gọ̀.

Àmọ́ Sàlàhúdíìnì ò rẹ́rìn-ín. Ó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì. "Àsíátù. O ò rójú ẹ̀. O ò gbóhùn ẹ̀ àbí?"

"Ẹni náà ò fọhùn."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé àgbà ni, tó o fi ń pè é ní wọ́n? Kí ló dé tó ò sọ pé ó wọlé?"

Ó dúró, ewé ẹ̀fọ́ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo rí i pé òun náà ò tíì bi ara ẹ̀ léèrè rí. "Torí pé... Dìran ni. Dìran ló kí wọn, 'ẹ' ló lò. Ó tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀, mo gbọ́ bí àyà ẹ̀ ṣe kanlẹ̀ bùdù."

"Ẹ kí ni? Báwo gan-an ló ṣe kí wọn?"

"Ó ní, ẹ kú àṣẹ̀yìndè."

Sàlàhúdíìnì bọ́ ìkejì.

*

"Ìyá, ẹ rí nǹkan," ló wí fún mi nígbà tá a jáde. "Odídẹ gé ọ̀rọ̀ bí ẹni ń gé ilá. Ó rí ẹ̀yìn níbẹ̀, ó rí dè níbẹ̀, ló bá ní Dìran dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dúró dè é lẹ́yìn. Kọ́mándà gbọ́ ẹ̀yìn, ó sáré lọ sí géètì. Ìkíni ni wọ́n fẹ́ fi pa Mọ́nsúrù."

"Wá lọ sọ fún un nísinsìnyí!"

"Á ní kí n mú ẹni tí wọ́n kí wá. Ta ni òkú kú fún nínú àgọ́ yìí?"

Ẹni méjì ni. Bàbá Ọlálẹ́yẹ, àti Fásanmí, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá ẹ̀, arúgbó kùjọ́kùjọ́, lóko.

"Fásanmí ni," ni mo wí, mo ti ń dìgbàjá. "Ta ló ń kí bàbá tí ọmọ ẹ̀ kú pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè? Ẹni tó sin òbí là ń kí bẹ́ẹ̀, torí ọmọ ló ń ṣẹ̀yìn bàbá dè. Fásanmí ni, kí wọ́n lọ dè é!"

"Òótọ́ lẹ sọ," ló wí. Àmọ́ kò sáré.

Fásanmí ń fi epo pa ìbọn nígbà tá a bá a. Ọmọdékùnrin tó ń fi gbogbo nǹkan ṣàwàdà ni.

"Dìran kí ọ kú àṣẹ̀yìndè?" ni Sàlàhúdíìnì bi í.

"Háà, títí ó fi sú mi! Ẹ ẹ̀ mọ̀ pé ìlú irin tó ń yí òṣùpá ká ni wọ́n bí i sí? Kò níyàá àgbà, kò ní bàbá àgbà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá gbọ́, á gbé e bí ẹni rí owó he. Àwọn ará oko wá kí mi, ló bá gbọ́ ọ. Bó bá rí mi báyìí: 'Ìwọ ọ̀bọ, o kú àṣẹ̀yìndè!'"

"Ìwọ. O," ni Sàlàhúdíìnì wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò pè ọ́ ní ẹ̀yin rí?"

"Dìran? Ó jù mí lọ. Ìgbátí ló ń fún mi."

"Ó bi ọ́ pé kí ló túmọ̀ sí?"

"Ó bi mí. Mo ní ohun tá à ń sọ fún ẹni tí èèyàn ẹ̀ kú ni."

"Èèyàn ẹ̀. O ò sọ pé òbí ẹ̀."

Fásanmí gbé ìbọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo yíjú wo òpó tí ọmọ mi wà. Bàbá Ọlálẹ́yẹ tún ti wà níbẹ̀, wọ́n ń fún un lómi.

"Sàlàhúdíìnì, kì í ṣe pé..."

"Ẹ dákẹ́, Ìyá. A ò lè fi ìkíni lásán mú àgbà. Àfi kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́."

*

Ní Jímọ̀, wọ́n kó gbogbo Ẹgbẹ́ Ìjì jọ sí pápá. Àwọn tó ń kírun ti kírun. Ìbọn ti wà lọ́wọ́ àwọn tó máa yìn ín. Mo ń ka àdúà, mo sì ń ṣì í kà.

Sàlàhúdíìnì jáde síwájú pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. "Kọ́mándà, ẹ jẹ́ kí n kí àwọn èèyàn yín ná. Nílé wa, a kì í rí òkú ká má kíra."

Herbert gbé ọwọ́ pé kó ṣe kíá.

Ó bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹ̀. "Kọ́mándà, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o."

"Tánkíù," ni Herbert wí. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

Ó dé ọ̀dọ̀ Fásanmí. "O kú àṣẹ̀yìndè."

"Ẹ ṣé, ẹ̀yìn wọn á dára."

Ó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ọlálẹ́yẹ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ikùn ẹ̀ kanlẹ̀. "Bàbá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o."

Bàbá sún sẹ́yìn.

"Ìwọ náà?" ni Bàbá wí.

Sàlàhúdíìnì ò tíì dìde. Ilẹ̀ tó wà ló ti fọhùn jẹ́jẹ́. "Èmi náà, Bàbá. Ta ló ṣáájú mi?"

Bàbá jókòó sílẹ̀, wọ́n jókòó sínú ẹrẹ̀. "Mo kàn fẹ́ lọ bi í pé kí ló pa Agboòrùn lọ́jọ́ tí ọmọ mi wà lọ́nà ni. Mi ò tíì la ẹnu. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Èmi! Bí ẹni pé Adébímpé ló bí mi! Ẹni tó jẹ́ kí wọ́n pa ọmọ mi, ó tún wá ń fi mí ṣẹ̀sín. Bó ṣe dìde ni mo tì í. Mi ò mọ̀ pé orí iná ló máa ṣubú sí."

"Bàbá," ni Fásanmí wí, omi ti gba ojú ẹ̀, "kò fi yín ṣẹ̀sín. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ó rò pé ọ̀rọ̀ tó dára jù tóun ní lóun fún yín."

Mi ò rí ojú èèyàn tó bàjẹ́ tó ojú Bàbá lójú ẹsẹ̀ yẹn rí.

Mo rìn lọ bá wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin, ẹ wá jẹ́ kí wọ́n de ọmọ mi mọ́lẹ̀?"

Wọn ò lè wò mí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé mo máa sọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ bọ́ ọ ná."

Wọ́n tú Mọ́nsúrù. Ó ṣubú lé mi lọ́rùn. Sàlàhúdíìnì yíjú sí Kọ́mándà.

"Ìbéèrè Bàbá kù. Ta ló ní kí Dìran pa Agboòrùn lọ́jọ́ yẹn?"

Herbert wo òfuurufú. Títí di òní, kò sẹ́ni tó gbọ́ èsì lẹ́nu ẹ̀. Ohun tó wí kò ju pé òfin òun ni ẹ̀mí dípò ẹ̀mí, kí wọ́n gbé arúgbó náà lọ síbi òpó.

Wọn ò tíì gbé wọn dé ibẹ̀ tí ojú ọ̀run fi ṣú lókè Òṣíẹ̀lẹ̀. Ọkọ̀ dúdú ni, kì í ṣe òjò. A gbọ́ tí Agboòrùn ń ké nínú ilé ẹ̀rọ bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ pa. Àwọn Ajagunfówó wo ara wọn lójú. Kò sẹ́ni tó lọ dì í mú.

Bàbá Ọlálẹ́yẹ bọ́ ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ àwọn tó mú wọn. "Dìran ni mo jẹ ní gbèsè," ni wọ́n wí. Wọ́n wọ ilé ẹ̀rọ, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé.

Iná rọ̀ bí òjò lọ́jọ́ náà, gbogbo ẹ̀ ló sì yọ̀ dànù. Láti Ìjemò dé Ìbarà, páànù ilé kan ò gbóná. Nígbà tá a ṣílẹ̀kùn, wọ́n ṣì di ọwọ́ ẹ̀rọ náà mú. A ní láti ṣí ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìrọ̀lẹ́ la sin wọ́n sóko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adébímpé. Àwọn ará oko dé, wọ́n yí sàréè ká, wọ́n sì dúró síbẹ̀ láìfọhùn, torí kò sí ọmọ tí wọ́n máa kí. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ògúnwùmí ló béèrè ẹ̀: "Ta la ó wá kí báyìí?"

Mọ́nsúrù jáde síwájú. Ojú okùn ṣì pupa lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì. Ó kọ́kọ́ wò mí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ kí mi," ló wí.

Wọ́n sì kí i. Ọjọ́ Jímọ̀ tí Bàbá Ọlálẹ́yẹ kú nìyẹn, ọjọ́ tí mo dúró láàyè, tí bàbá tó bí i jókòó sílé láàyè, tí mo sì gbọ́ tí wọ́n ń kí ọmọ mi kú àṣẹ̀yìndè.